Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Òjò Wá Pọn Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀

Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ọkọ̀ òjò ti bo ìlú Òkè-Àwárí mọ́lẹ̀, àwọn adìẹ sì ti ń wọlé lọ sùn. Ẹ má rò pé mo ń fi kún un. Adìẹ rí òkùnkùn, ó rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó bá tirẹ̀ lọ. Ènìyàn nìkan ló kù síta, tí wọ́n gbójú sókè, tí ọrùn ń ro wọ́n, tí wọn ò sì fẹ́ gbé e wálẹ̀.

Kí lèèyàn fẹ́ fi ọkọ̀ náà wé? Ó tóbi ju òkè tí wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ lọ. Imú rẹ̀ wà lórí ilé-ẹ̀kọ́, ìdí rẹ̀ wà lórí odò tó ti gbẹ, ìrìn wákàtí kan gbáko ló wà láàárín méjèèjì. Ara rẹ̀ mọ́ gaara, èèyàn ń rí ìkuukùu tó ń yí po nínú ikùn rẹ̀, òmíràn funfun, òmíràn dúdú bí aró, mànàmáná sì ń sáré kiri láàárín wọn láìdún rárá. Gbogbo òjò tó yẹ kó ti rọ̀ láti oṣù kẹta, inú ibẹ̀ ló wà. Ilé-iṣẹ́ Òjòpé ti kó o lórí òkun kó tó wọ ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kó o láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ìbídùn dúró lórí pẹpẹ irin láàárín pápá ilé-ẹ̀kọ́, láìwọ bàtà, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń bá ọkọ̀ yìí jà lẹ́nu àti lórí ìwé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lẹ́wà tó báyìí. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, inú tún bí i pé inú òun dùn.

“Pa ẹnu dé,” ni Bàbá Ládẹ̀jọ wí láti orí àga tí wọ́n gbé sí etí pápá fún un. “Eṣinṣin ò mọ ẹni tó ń ṣe háà.”

Bàbá Ládẹ̀jọ ni alága Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú ìlú náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Òun ló yẹ kó dúró lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lórí irin yẹn, orúnkún kì í tẹ̀ lásán. Ni wọ́n fi ní kí Ìbídùn, akọ̀wé ẹgbẹ́, dúró nípò rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ń tún ṣe. Nígbà tí kò sí omi tí ẹ̀rọ kankan máa fà mọ́, ó kúkú ráyè òṣèlú.

Pẹpẹ náà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà wọni lára.

“Ohùn kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ mi,” ó wí, “torí ẹ̀rọ lè sín ohùn jẹ. Ìwé kì í ṣe ẹ̀rí, torí ẹ̀rọ ń kọ̀wé. Orúnkún méjèèjì ènìyàn lórí irin mi, òun nìkan ni ìbuwọ́lùwé tí Òfin Ìgbépọ̀n mọ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ ni ọmọ. Ẹni tó bá wà lóòró ni yóò pọ̀n ọ́n, yóò sì máa pàṣẹ fún un. Bí aago mẹ́rin bá lù tí ẹnikẹ́ni ò kúnlẹ̀, ẹgbẹ́ yìí á máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn fún ọdún méje sí i. Ta ló dúró fún ẹgbẹ́?”

“Èmi, Ìbídùn Ọládòkun.”

“Ta ló dúró fún ilé-iṣẹ́?”

Ọkùnrin tó kọjú sí Ìbídùn lórí pẹpẹ gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀gbà fàdákà kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, iná búlúù ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. “Láníyọnu, fún Òjòpé.”

“Ẹni tí ẹ̀gbà yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Òjòpé, láti orí dé ẹsẹ̀,” ni pẹpẹ wí. “Ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Ẹlẹ́rìí mẹ́sàn-án sọ̀ kalẹ̀ láti ojú sánmà, wọ́n dúró nínú afẹ́fẹ́ yí wọn ká. Kò sí èyí tó tóbi ju àgbálùmọ̀ lọ, ojú kan ṣoṣo ló sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ojú yẹn bá rí, gbogbo orílẹ̀-èdè ń rí i lára ògiri ilé wọn.

Láníyọnu fọwọ́ kan àyà láti kí wọn. Bí ará ìlú ńlá ṣe ń kíra nìyẹn. Láti ìgbà tí òfin ti sọ ìkúnlẹ̀ di ìbuwọ́lùwé, wọn ò kúnlẹ̀ fún bàbá mọ́, wọn ò kúnlẹ̀ fún ìyá, kó má lọ jẹ́ pé ẹnì kan ti tẹ́ pẹpẹ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Òkè-Àwárí àti irú àwọn ìlú orí òkè bẹ́ẹ̀ nìkan ni orúnkún ti ṣì ń kan ilẹ̀ láàárọ̀.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìbídùn,” ó wí. “Bàbá, mo kí yín o.”

“Láníyọnu, o ti sanra,” ni Bàbá dá a lóhùn.

Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Inú Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, òun ló tiẹ̀ kọ orin ẹgbẹ́, kó tó di pé Òjòpé fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Ìdí tí wọ́n fi rán an wá náà nìyẹn. Ikú ilé ló ń pani.

“Bàbá, ogójì ẹgbẹ́ ni wọ́n ti pọ̀n tán nílẹ̀ yìí,” ni Láníyọnu wí. “Ẹ̀yin nìkan ló kù. Igba ènìyàn ó lé méjìlá! Kí lẹ fẹ́ fi igba ènìyàn ṣe?”

“A ó máa bá wọn jiyàn. Ẹgbẹ́ tí kì í jiyàn, ìsọ̀ ọjà ni.”

“Ayé ti kọjá ibẹ̀, Bàbá.”

“Mo mọ ibi tí ayé ti kọjá, mo jókòó sétí ọ̀nà nígbà tó ń kọjá.” Bàbá tún ara ṣe lórí àga. “Láyé bàbá mi, onílé-iṣẹ́ ńlá ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ olóṣèlú lọ, á fa fìlà bojú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, olóṣèlú ló ń gba iwájú ilé wọlé tọ onílé-iṣẹ́ lọ, kò bojú mọ́. Nígbà tí mo wá dàgbà, mi ò mọ ẹni tó ń tọ ẹnì kejì lọ mọ́. Mo kàn rí i pé ẹnì kan ti pọn ẹnì kan, wọ́n sì ti gba ọ̀já.”

“Kí ló burú níbẹ̀? Ẹ̀gún kì í gún ọmọ tí wọ́n pọ̀n.”

“Ọmọ tí wọ́n pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Kò sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé òun lọ. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nìkan ló ń wò.”

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó yí pápá ká rẹ́rìn-ín, Ìbídùn náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lọ títí. Lẹ́yìn aago kan, Láníyọnu gbójú sókè sí ọkọ̀, ó na ìka kan sí oko tó wà lódìkejì ọ̀nà. Oko ọkùnrin kan tó ti sá wọ Ẹgbẹ́ Olójò lọ́dún tó kọjá ni. Ẹgbẹ́ Olójò ni ọmọ tó wà lẹ́yìn Òjòpé, àwọn ló ń ṣèjọba láti òkun dé odò Ọya.

Ikùn ọkọ̀ là tóóró níbì kan. Òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Orí oko náà nìkan ló ń rọ̀ sí o. Kò kọjá ààlà rárá. Ó dúró létí ààlà gbọnrangandan bí ògiri, èèyàn lè na ọwọ́ ọ̀tún sínú rẹ̀ kí ọwọ́ òsì gbẹ táútáú. Òṣùmàrè kékeré kan yọ níbẹ̀, ó tẹ̀ láti orí ebè kan dé orí ebè kejì. Ebè tó ti pọ́n kuku láti ọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, bí ó ti ń dúdú ni òórùn ilẹ̀ tutù ń kọjá ọ̀nà bọ̀ wá bá wọn. Àwọn àgbàlagbà tó wà ní pápá ń fa òórùn náà símú. Ẹnì kan ń sunkún. Ìbídùn gbà pé nínú ayé òun, òun ò rí ohun tó ya òun lẹ́nu tó yẹn rí, pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara na ìka, òjò sì dá a lóhùn.

“Ìbídùn!” Sàlámọ̀tù ló ké. Ọmọ ẹgbẹ́ ni, ọ̀rẹ́ Ìbídùn sì ni. “Ṣé ojú rẹ rí nǹkan? Èbù mi ti jóná tán nínú ebè! Kúnlẹ̀ jàre! Ṣé orúnkún là ń jẹ?”

“Tí mo bá kúnlẹ̀, tí wọ́n bá wá jẹ́ kí òjò pọ̀ jù fún ọ lọ́dún tó ń bọ̀, ta lo máa bá wí?”

“Ìwọ ni n ó bá wí!”

Láníyọnu rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni òjò á máa rọ̀ fún yín. Ilé ìwòsàn á dé láàárín oṣù kan. Orúkọ ẹgbẹ́ ò ní parẹ́, a ó kọ ọ́ sára ọkọ̀. Orúnkún méjì péré, Ìbídùn. Kò tiẹ̀ gba ìṣẹ́jú kan.”

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ó wù ú. Ó wù ú dé ibi pé ó ní láti wo ilẹ̀. Ó ti rí ọmọ Sàlámọ̀tù tó ń lá ìrì lára páànù láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ti rí àwọn ìlú tí wọ́n pọ̀n. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí Òjòpé sọ pé ẹ̀gẹ́ ni kí gbogbo wọn máa gbìn, kò sẹ́ni tó béèrè ìdí, torí ẹni tí wọn ì bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn Òjòpé, ó ń sùn.

“Mo ṣì wà lóòró,” ó wí.

“Mo rí i,” ni Láníyọnu dáhùn. Kò bínú. Ìyẹn ló ba Ìbídùn lẹ́rù.

Nígbà tó kọjá aago mẹ́ta dáadáa, kókósẹ̀ Ìbídùn ti wú, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ kan là sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ wá sórí pẹpẹ, ó gùn, ó rọra tàn, àga kan sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nínú rẹ̀ láìsí okùn, láìsí ìyẹ́. Obìnrin kan jókòó lórí àga náà. Aṣọ òfì ló ró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú bí ẹni tó ń gun ọ̀kadà fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tó sún mọ́lẹ̀, Ìbídùn rí ojú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni.

Ọdún mẹ́sàn-án! Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ojú obìnrin yìí fọ́, tí kò sí ilé ìwòsàn kan tó gba ará Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ wọlé. Òjòpé gbé e gòkè, wọ́n fún un ní ojú tuntun, ó sì dúró sọ́hùn-ún, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fetí sí ìkuukùu láti mọ èyí tó ti gbó. Òfin wọn ò gbà kí òṣìṣẹ́, yàtọ̀ sí aṣojú, tẹ ìlú tí wọn ò tíì pọ̀n. Ìwé nìkan ni ìyá àti ọmọ fi ń rí ara wọn.

Láníyọnu bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi í sí ìyá náà lọ́wọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan irin. Ó fẹ̀yìn rìn kúrò lórí pẹpẹ.

Gbogbo rẹ̀ yé Ìbídùn lẹ́ẹ̀kan náà. “Láníyọnu, ẹ ò ṣèèyàn!”

“Iṣẹ́ ni mò ń ṣe,” ó wí, kò sì wo ojú rẹ̀.

“Àwẹ̀ró!” Oríkì rẹ̀ ni ìyá fi pè é. Kò sẹ́ni tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé mọ́. “Àwẹ̀ró mi! Wò ó, mò ń rí ọ! Mò ń rí ọ kedere!”

Orúnkún Ìbídùn ti ń tẹ̀ kó tó mọ̀. Ogójì ọdún ni orúnkún yẹn ti mọ ohùn yẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá itan mú, ó na ẹsẹ̀ gan-an, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀, Màámi,” ó wí, lórí ìdúró.

Gbogbo pápá kígbe háà. Ní Òkè-Àwárí, ọmọ tó bá kí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró, wọ́n á kọ́kọ́ bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Ìyá dúró. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. “Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?”

“Rárá, Màámi.”

“Ṣé o bínú sí mi ni? Torí pé mo pẹ́?”

“N ò bínú. Mo ti ń retí yín látọjọ́ tẹ́ ẹ ti lọ. Màámi, irin tí a dúró lé yìí ni. Bí mo bá kúnlẹ̀ fún yín níbí, mo ti gbà kí Òjòpé pọn ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Ẹ̀gbà yẹn ni wọ́n ṣe fi sí yín lọ́wọ́.”

Ìyá wo ẹ̀gbà, ó wo Láníyọnu, ó tún wo ọmọ rẹ̀. “Wọ́n ní kí n wá bẹ̀ ọ́ pé kí o gba òjò ni. Kí ló burú níbẹ̀? Òjòpé ló fún mi lójú tí mo fi ń wò ọ́ yìí.”

“Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òjò kì í ṣe tiwọn, Màámi. Ó ti ń rọ̀ kí wọ́n tó dáyé.”

“Tiwọn ni báyìí.”

“Torí pé gbogbo ayé ti kúnlẹ̀ ni.”

“Ìwọ ọmọ yìí, o ṣì lágídí.” Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án lápá. “Mo wà lókè níbẹ̀ yẹn láti àárọ̀, mò ń gbọ́ ìkuukùu yìí. Ó ti gbó. Ó ti gbó kọjá ààlà, ó ń wá ibi tó máa bọ́ sí. Abẹ́ ẹ̀ ni mo sì ń rí ilé wa, tí páànù rẹ̀ ń dán nínú oòrùn kí a tó bò ó. Mo rí oko tí a sin bàbá rẹ sí etí rẹ̀, ó ti di eruku. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n tú u sílẹ̀, wọ́n ní ó di ọwọ́ ọmọ mi. Àwẹ̀ró, ṣé ọwọ́ rẹ ló wà?”

Ìbídùn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá bá tú gèlè rẹ̀, ó sì fi í di ìbàdí. Àwọn obìnrin tó wà ní pápá mọ ohun tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn ní, “Yéè, Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!” Kò gbọ́. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé ọmú rẹ̀ lórí aṣọ.

“Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́,” ó wí. “Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ọ́.”

Ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan irin, ó dún gbì.

Iná búlúù ara ẹ̀gbà náà di funfun. Gbogbo ẹlẹ́rìí mẹ́sàn-án yí ojú sí i.

“Òjòpé ti kúnlẹ̀,” ni pẹpẹ wí.

Kò kọ́kọ́ yé ẹnikẹ́ni. Láníyọnu ló kọ́kọ́ yé, torí òun ló ké. Ó ti pẹ́ jù ní ìlú ńlá tí ẹnikẹ́ni ò ti kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó rántí pé ọmọ ń kúnlẹ̀ fún ìyá, ìyẹn ló fi ta ọgbọ́n rẹ̀. Ó ti gbàgbé pátápátá pé tí ọ̀ràn bá dé ojú ẹ̀, ìyá náà ń kúnlẹ̀ bẹ ọmọ.

“Kò kà!” ó pariwo. “Obìnrin náà ò mọ̀!”

“Orúnkún méjèèjì ni, ẹ̀gbà sì wà lọ́wọ́,” ni pẹpẹ wí. “Ó kà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí aago mẹ́rin lù. Bí ẹnì kejì bá tún kúnlẹ̀, ẹni tó kúnlẹ̀ kẹ́yìn ni ọmọ.”

Láníyọnu kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yí padà sí Ìbídùn lójú ẹsẹ̀, kò sì fi ẹ̀yin pè é mọ́. “Ìbídùn! Ìyá tó bí ọ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ, o dúró! Ṣé ènìyàn ni ọ́? Gbogbo ayé ń wò ọ́ o!”

“Màámi, ẹ dìde,” ni Ìbídùn bẹ̀bẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“N ò ní dìde títí wàá fi gbà.” Ojú ìyá wà ní pípadé. Ó ti ń ka oríkì ọmọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ baba ńlá.

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n tọ́ dáadáa tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí Ìbídùn ń ṣe yẹn. Bí ìyá bá kúnlẹ̀ níwájú ọmọ, ọmọ á wólẹ̀ ni, á dojú bolẹ̀, kí ẹ̀bẹ̀ náà má bàa di èpè. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń fà á lọ sílẹ̀. Ó wo Bàbá Ládẹ̀jọ pé kó sọ nǹkan, ṣùgbọ́n bàbá náà ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti fi ọgọ́ta ọdún pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dúró, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ fún ọmọ kan pé kó dúró níwájú ìyá rẹ̀ tó kúnlẹ̀. Sàlámọ̀tù ti bo ojú. Kò sẹ́ni tó máa bá Ìbídùn pín in.

Ó dúró. Ó sunkún sókè, bí ọmọdé, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀ níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì dúró.

Aago mẹ́rin lù.

“Ó parí,” ni pẹpẹ wí. “Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò pọn Òjòpé.”

Ní òkè, ọkọ̀ náà mi ara. Ọkọ̀ tó ti ń fò láti ọdún mọ́kànlá láìtẹrí ba fún òkè kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ imú sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí imú náà fi dúró lókè orí Ìbídùn gan-an, tí afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀ ń fẹ́ irun rẹ̀ sẹ́yìn. Mànàmáná tó wà nínú rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde láti inú gbogbo títóbi yẹn, ohùn náà sì kéré.

“Màmá,” ni ọkọ̀ náà wí fún Ìbídùn. “Kí ni kí n ṣe?”

Bàbá Ládẹ̀jọ ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ti dìde dúró láìmọ̀, ó ń fi ìka ka nǹkan. “Ẹ dúró ná. Ẹgbẹ́ Olójò wà lẹ́yìn Òjòpé. Gómìnà gbogbo wà lẹ́yìn Ẹgbẹ́ Olójò. Òjòpé sì wá wà lẹ́yìn tìẹ.” Ó wo akọ̀wé rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i rí. “Háà! Ìbídùn, ẹ̀yìn rẹ á mà wúwo o.”

Ìbídùn ò rò ó pẹ́. Bí ó bá rò ó pẹ́ ni, ẹ̀rù ì bá pa á. “Tú òjò sílẹ̀,” ó wí. “Sí oko gbogbo ènìyàn. Ti ẹni tó bá wa dúró, ti ẹni tí kò bá wa dúró.”

“Níbí nìkan ni, Màmá, àbí níbi gbogbo?”

“Ṣé o lè ṣe é níbi gbogbo?”

“Ogójì ọkọ̀ ni wá.”

“Níbi gbogbo.”

Ikùn ọkọ̀ là láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Òjò sì dé, òjò ńlá tó wúwo, kò sì sí ààlà tó dá a dúró. Ó rọ̀ sórí páànù, ó rọ̀ sórí òkúta, ó rọ̀ sórí ibojì Ọládòkun, bàbá Ìbídùn. Sàlámọ̀tù ti dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ìròyìn ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí pé òjò ń rọ̀ ní etí òkun, pé ó ń rọ̀ létí Ọya, pé ó ń rọ̀ ní àwọn ìlú tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ò ti mọ bí ó ṣe rí.

Ìbídùn na ọwọ́, ó fa ìyá rẹ̀ dìde, ó sì fẹ́ wólẹ̀ fún un báyìí, kó wólẹ̀ tán pátápátá.

“Olórí,” ni pẹpẹ wí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ẹni tó bá pọn ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, lórí mi tàbí lórí ilẹ̀ lásán, títí ọdún méje àkọ́kọ́ á fi pé, bí ti Òjòpé ṣe ti pé. Bó bá kúnlẹ̀, ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ti já bọ́ nìyẹn, òjò á sì padà sọ́wọ́ Òjòpé. Àwọn ẹlẹ́rìí á máa bá yín gbé.”

Méjì nínú wọn ti sún mọ́ ọn, wọ́n dúró sí èjìká rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, òjò ń ṣàn lára ojú wọn.

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè sínú òjò, ó fetí sí i títí, ó sì mi orí pé ó dára. Ó nu ojú rẹ̀ tuntun méjèèjì. Ó wá yí padà sí ọmọ rẹ̀, ó rọra rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìnàjò.

“Ó dáa, òjò ti rọ̀,” ó wí. “Àwẹ̀ró, o ò tíì kí mi.”

Ó sì dúró, ó ń retí kí orúnkún ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó dúró pẹ́.